Èmi Ni Mo Ní Kó Máa Wolẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti bà á jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà tí etí rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan, èmi ni mo sì kọ́ ọ pé kó má wo ojú àgbà mọ́. Ojú ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní kó gbé ojú náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, inú mi sì ń dùn bó ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n kọ́ ọmọ náà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rán mi yẹn nìkan ló yọrí.

Mi ò fẹ́ dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn sú mi láti ọjọ́ kìíní, mi ò sì ní purọ́ pé kò sú mi.

Ìwó ni mo ti ka Mọ́dà Sùkúù, ìwé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tán, kí n tó wá bá ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé ní Ìsọlọ̀. Àkókò owó epo ni. Gbogbo ènìyàn ń ra nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi ra rédíógíráàmù kan tó gba ìdajì yàrá, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń na ẹsẹ̀ sí tí mo bá fẹ́ sùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ ilé iṣẹ́ aṣọ, àwọn mìíràn ń lọ sí èbúté lọ gbé sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbọ́ pé wọ́n ń wá ọ̀dọ́ tí yóò máa ran tíṣà lọ́wọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ adití ní Òṣòdì. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn òbí ń kó ọmọ jáde láti ibi tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí.

Ó ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni. Oṣù mẹ́ta péré lo máa fi kọ́ ọ. O ò ní gbé sìmẹ́ńtì, o ò ní dúró ti ẹ̀rọ. Kí lo tún fẹ́?"

Èmi rò pé mo máa gbálẹ̀, mo máa to ìjókòó, mo máa bá wọn nu imú. Kí ló tún kù nínú iṣẹ́ ọmọdé? Ẹ̀rín ara mi ń pa mí báyìí.

Yàrá méjì ni wọ́n fún kíláàsì náà, lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó kángun sí ojú irin. Àwa mẹ́rin la wá kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin Ẹ̀gbá kan, ó tín-ín-rín, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn ó gbé e kọ́ ọrùn. Ó ti lọ kọ́ nípa àwọn adití ní òkè òkun, sùúrù tó ní fún àwọn ọmọ ò sì dé ọ̀dọ̀ àwa rárá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní.

"Ìwọ gíga yìí, kí ló wà lókè ètè ẹ yẹn?"

"Irunmú ni, mà."

"Ta ló ní kó wà níbẹ̀?"

Àwọn mẹ́ta yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó wù mí ni, mà.

"Ó wù ẹ́. Ètè ni àwọn ọmọ yìí ń kà bí ìwé, ìwọ wá fi kọ́tìnnì bò ó. Lọ fá a."

Mi ò fá a. Ọdún méjì ni mo fi tọ́ irun yẹn dàgbà. Òun nìkan ni nǹkan tí mo ní tó jọ ti àwọn ọmọ Èkó. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì padà wá. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń béèrè, "Kọ́tìnnì ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mà."

Òfin ibẹ̀ pọ̀ ju ti bárékè lọ. Má sọ̀rọ̀ nígbà tí o kọjú sí bọ́ọ̀dù. Má fi ọwọ́ bo ẹnu. Má jẹ nǹkan kan lẹ́nu. Má dúró kí fèrèsé wà lẹ́yìn ẹ, nítorí ojú ẹ á dúdú. Dúró kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ọ lójú. Má pariwo, ẹnu ẹ á bàjẹ́. Tí o bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, lóṣòó títí ẹnu ẹ yóò fi ṣe déédéé ojú rẹ̀. Èmi tí mo ga tó báyìí! Nígbà tí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, orúnkún mi á ti máa dún. Ìtìjú ibẹ̀ sì tún wà. Ní Ìwó, ọmọdé ló ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Níbí, èmi ni mo ń lóṣòó kiri níwájú ọmọ ọdún méje.

Rélùwéè tún wá ń kọjá. Bó bá ti ń bọ̀, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, páànù á máa jó. Lọ́jọ́ kan mo ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ, ọkọ̀ náà dé, mo dákẹ́ kó kọjá. Ọ̀gá wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o fi dákẹ́?"

Mo na ọwọ́ sí ojú irin. "Rélùwéè ni, mà."

"Mo rí i. Ta ló gbọ́ ọ nínú wọn?"

Gbogbo àwọn ọmọ ń wo ẹnu mi, wọ́n ń dúró. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ohun tí mo ń sọ.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni wọ́n fún ní ọmọ kan tí yóò máa tọ́jú títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Ọmọbìnrin ọdún méje kan ni wọ́n fún mi. Ibà kan ló mú un ní ọmọ ọdún méjì, tó sì mú etí rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, òwú sì wà nínú irun rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí òjò funfun rọ̀ lé lórí.

Ó sọ fún mi pé, "Tíṣà, bí ẹ̀rọ wa bá ń dún, ẹni tó bá ń pariwo ń ṣe ara rẹ̀ ni. Ẹnu lásán la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, láìsí ohùn. Èmi lè ka ẹnu ẹni tó wà ní òpin yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ ṣáà máa jẹ́ kó rí ẹnu yín, ó máa gbọ́ yín."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ yẹn ń wo ènìyàn! Bí o bá wọlé, ó ti gbé ojú lé ọ. Bí o bá bá a wí, kò ní ṣẹ́jú, á tẹjú mọ́ ọ ṣáá. Mo mọ̀ pé etí rẹ̀ ò gbọ́, ọ̀gá wa ti sọ ọ́ títí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n nà mọ́ èèyàn lára láti kékeré, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni yóò yọ ọ́. Ìyá mi ì bá ti fọ́ mi létí fún ìdajì ìwò yẹn. Ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú nígbà tí wọ́n ń bá a wí, àfojúdi ni, kò lórúkọ mìíràn. Ó wá dà bíi pé ọmọ náà ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé èmi kọ́ ni tíṣà, olùrànlọ́wọ́ lásán ni mí. Ó sì ti sú mi tẹ́lẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ètò tèmi. Bó bá tẹjú mọ́ mi, mo máa fi ìka méjì tẹ iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀, jẹ́jẹ́. Mi ò lù ú rí. Bó bá tún gbé e sókè, mo máa yí ẹ̀yìn padà sí i. Ó fẹ́ràn ẹfun ìkọ̀wé aláwọ̀ ju gbogbo nǹkan lọ, pàápàá aláwọ̀ ewé. Mi ò ní fún un àfi tó bá kúnlẹ̀, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, tó wolẹ̀. Ọmọ tó mọ nǹkan ni, kò pẹ́ tó fi mọ ohun tí mo ń fẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí mo bá ti yọ, ó ti wà lórí orúnkún, ojú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ní, "Ọmọ tìẹ mà ti di ọmọlúàbí, báwo lo ṣe ṣe é?" Mo fọwọ́ pa irunmú mi.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kó tó wọ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ọmọ yìí ò wò mí lójú mọ́ nílé. Mo máa sọ̀rọ̀ títí, ilẹ̀ ló máa máa wò. Ṣé ẹnì kan bú u ni?"

"Rárá o, mà. Ìtìjú ni. Ó ti ń dàgbà, ó ti ń gbọ́n."

"Ìtìjú?" Ó wo ọmọ náà, ó wò mí. "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín."

Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ mi jù mí lọ, ó wá ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá wa fi òrí ra òwú, ó dì í sí wa létí, ó sì fi gèlè we etí wa mọ́lẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Ó ní ká wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. Ó kọ iṣẹ́ tí oníkálukú máa jẹ́ sínú bébà. Tèmi ni kí n lọ ra abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta èlò ìránṣọ nítòsí ojú irin, kí n sì béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀ kí n padà wá sọ ọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá náà tèmi ti gèlè. Mo kí i, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Ó ń ka bọ́tìnnì, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀! Kí ló ń sọ? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó bá mi níbi tí mo ti tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ já nǹkan gbà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí ohun tó sọ lẹ́yìn náà dáadáa, òun ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo fi ojú gbọ́ láyé mi.

"Kí lò ń wò mí lẹ́nu fún? Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́!"

Ó kọ̀, kò tà fún mi. Ìbínú gùn mí. Mo fẹ́ sọ fún un pé, mà, tí mi ò bá wò yín, kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ yín. Mo ti la ẹnu kí n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Rélùwéè kọjá níwájú mi, mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀ àfi ìgbà tí òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ìdí mi.

Ó yẹ kí n lọ bá ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ. Mo ní màá tún un ṣe fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbọ̀n ọmọ náà sókè. Ó rò pé eré ni. Bí mo bá gbé e sókè, á di ojú, á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá yọ ọwọ́, orí á padà sílẹ̀. Mo gbé ẹfun aláwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi kó lè wo ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wolẹ̀, ó ń dúró kí n fún un bí a ṣe jọ mọ̀ ọ́n. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Lójoojúmọ́ ló ń ṣe ohun tí mo kọ́ ọ láìṣì í, mo sì fẹ́ ké. Ọ̀gá wa náà ti rí i. Ó ní, "Ọmọ yìí kì í wo ojú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bá mi ṣọ́ ọ." Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Ó ti ń padà sípò díẹ̀díẹ̀, ká má purọ́. Ká ní a ní oṣù kan sí i.

A ò ní in. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá ti lé ní ogún, ìjókòó méjìlá ló wà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá láti yẹ wọ́n wò, kí wọ́n lè yan àwọn tó máa dúró. Wọ́n sì máa fọwọ́ sí ìwé àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fá irunmú mi dan. Kì í ṣe nítorí ọmọ náà. Nítorí ìwé mi ni.

Ọ̀gá wa ní láti wà ní yàrá kejì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró. Ó sọ fún wa kó tó lọ: "Ẹ má fọwọ́ júwe ìdáhùn fún ọmọ o. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ó ń wo ojú ẹni tó ń bi í léèrè. Ìyẹn ò sí lára èèwọ̀."

Wọ́n tẹ́ àwòrán mẹ́fà sórí tábìlì: bọ́ọ̀lù, ṣíbí, òòyà, ìgò, ewúrẹ́, bàtà. Kò sí èyí tí ọmọ mi ò mọ̀. Ó wọlé, ó rí àgbà méjì, ó kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wolẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Fi òòyà hàn mí."

Kò mì.

"Òòyà dà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀."

"Ó lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò dà bíi pé nǹkan ń yé e." Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó béèrè bọ́ọ̀lù, ó béèrè ewúrẹ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Ìka kan ni, lábẹ́ agbọ̀n. Tí n kò bá lè lo ìka, kí n sọ fún wọn: ẹ dákun, ẹ gbé ojú rẹ̀ sókè ná. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó fà á tí adití fi ń wolẹ̀, ọ̀gá wa á sì gbọ́, ìwé mi sì wà lórí tábìlì kan náà, tòun ti orúkọ mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò.

Wọ́n ní ó tó, kí n mú ẹlòmíràn wá. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé wọn. Ìgbà náà ni ọmọ yẹn gbé ojú sókè. Ó rí àwọn àwòrán. Ó wò mí, ó fi ìka kan òòyà, ó sì pe òòyà pẹ̀lú ètè rẹ̀, láìsí ohùn, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Ó kan ewúrẹ́. Ó kan bàtà. Kò sí ẹni tó rí i àfi èmi. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un jáde.

Nígbà tí èsì jáde, ọ̀gá wa bá wọn jà, ohùn rẹ̀ dé ìta. Wọ́n ní ìjókòó méjìlá ni ìjókòó méjìlá. Ó jáde wá bá mi, ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé ó wo ẹnu wọn?"

"Wọ́n bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mà, kò dáhùn."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, irọ́ sì ni. Ó wò mí títí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ètè mi ti mọ́. Ó ní, "O ti fá a," ó sì kọjá lọ.

Ìyá ọmọ náà wá mú un lọ lọ́jọ́ kejì. Kò sunkún. Ó ká àpò ìwé ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ apá.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ gbìyànjú jù. Wọ́n ní opolo rẹ̀ ni ò gbé e. Èmi ni mo rò pé ó gbọ́n. Ìyá sì máa ń rò bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ láti kí mi pé ó dàbọ̀. Ẹ mọ ibi tó ń wò.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo gba ìwé mi, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́ṣẹ́, èmi ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n lọ fá irunmú. Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ mi, mo máa ń lóṣòó síwájú rẹ̀ kó wò mí tẹ́rùn. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan fún ẹni tí mo ń sọ.

Lóṣù tó kọjá, mo ń kọjá níwájú ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn ní Ìsọlọ̀, ní agogo méjì tí wọ́n ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Títì kún fún lọ́rì, ènìyàn kò lè gbọ́ ti ẹnì kejì. Mo rí ìyá ọmọ náà ní òdì kejì, òwú lórí. Ó rí mi. Kò pariwo. Ẹnu lásán ló fi sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mo gbọ́ ọ ketekete. Èmi náà fi ẹnu lásán béèrè: "Ọmọ ńkọ́, mà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Ó ń bá a yan gààrí."

Lọ́rì kan kọjá láàárín wa. Nígbà tó kọjá tán, ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Kí ni?" Ká ní mo sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo títì yẹn tí ì bá gbọ́, òun nìkan ni.

Mo wolẹ̀. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ti wọ ẹnu géètì.

Gbólóhùn méjì ni mo jẹ obìnrin yẹn. Opolo ọmọ yín pé, mà. Èmi ni mo ní kó máa wolẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí ló yẹ kó ti kà á.